Bí Mo Ṣe Di Agbèrò Kánò Nínú Éápọ́ọ̀tù

Nígbà tí eegun mi ṣì le, tí mo ń ná ọjà òkè Ọya, kò sí gáréèjì tí ẹ máa sọ̀ mí sí tí mi ò ní rí ọkọ̀ mi. Ẹ gbọ́ mi dáadáa o. Ẹ̀yin tí ẹ ti ń fi mí rẹ́rìn-ín láti àárọ̀, tí ẹ ní kí n tún un sọ nítorí pé Kúdí ò sí nílé nígbà tí mo kọ́kọ́ sọ ọ́... ẹ jókòó nígbà yẹn. Kúdí, gbé fóònù yẹn sílẹ̀. Èmi ìyá ìyá rẹ ni mò ń bá ẹ sọ̀rọ̀.

Àlùbọ́sà ni mo ń lọ rà ní Kánò. Nígbà mìíràn màá wọ ọkọ̀ ojú irin l'Agége, nígbà mìíràn màá bá lọ́rí lọ. Ìgàndò tí a jókòó sí yìí, igbó ni nígbà yẹn. Oko ẹ̀gẹ́ ló wà níbi tí wọ́n ń ta gáàsì lọ́hùn-ún yẹn. Ẹsẹ̀ la fi ń rìn dé Ìkòtún, ta ló ń sọ̀rọ̀ kẹ̀kẹ́ Màrúwá? Àmọ́ tí mo bá ti dé gáréèjì báyìí, ọkàn mi á balẹ̀. Kí ló dé? Torí pé wọ́n ń pe èèyàn ni. Agbèrò á máa ké, "Kánò, Kánò, Kánò." Ẹni tí ò mọ ìwé rárá, tí etí rẹ̀ bá ṣáà ti ń gbọ́ràn, á débi ọkọ̀ rẹ̀.

Ọgbọ́n wà níbẹ̀ ṣá o. Ìyá tó kọ́ mi ní òwò, Ìyá Olóńdó, kí Ọlọ́run fi ọ̀run kẹ́ wọn, wọ́n fà mí létí lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ tẹ̀lé wọn. Wọ́n ní, "Sàlámọ̀tù, má jókòó sínú ọkọ̀ tí ò tíì kún. Tí wọ́n bá ní ó ku ẹnì kan, irọ́ ni. Àwọn tí o rí tí wọ́n jókòó síbẹ̀ yẹn, ọmọ gáréèjì ni wọ́n. Agbèrò ló ní kí wọ́n jókòó, kí ọkọ̀ lè dà bíi pé ó ń kún. Tí o bá ti wọlé, wọ́n á máa bọ́ sílẹ̀ níkọ̀ọ̀kan, ìwọ á wá jókòó síbẹ̀ dìrọ̀lẹ́." Mo ní, "Ìyá, báwo ni màá ṣe dá wọn mọ̀?" Wọ́n ní, "Wo ẹsẹ̀ wọn. Èrò tòótọ́ á ní ẹrù lẹ́sẹ̀. Ẹni tí ò lẹ́rù lẹ́sẹ̀, kò lọ síbì kankan."

Ohun tí mo fi rìnrìn àjò fún ogójì ọdún nìyẹn. Agbèrò kankan ò rí mi tàn rí.

Ó dáa. Ẹ̀gbọ́n mi, Àǹtí Ràbí, tí ẹ máa ń kí lórí fóònù, Kánò ni wọ́n lọ́kọ sí. Àwọn ló tọ́ mi nígbà tí ìyá wa kú l'Ógbómọ̀ṣọ́. Wọ́n ń pọ̀n mí, àwọn náà ò sì tíì ju ọmọdé lọ. Ojú wọn wá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣú. Díẹ̀díẹ̀, díẹ̀díẹ̀, títí wọn ò fi rí nǹkan kan mọ́ ju òjìji lọ. Èmi náà, látìgbà tí mo ti fi òwò sílẹ̀, tí ọ̀nà òkè Ọya sì ti wá ń ba èèyàn lẹ́rù, mi ò débẹ̀ mọ́. Ọdún mẹ́tàlá. Lójoojúmọ́ la ń sọ̀rọ̀ lórí fóònù, lójoojúmọ́ ni mo ń sọ fún wọn pé mò ń bọ̀.

Ìgbà tó yá, dókítà ní nǹkan bí awọ ló bo ẹyinjú wọn, òun lè yọ ọ́. Àárọ̀ ọjọ́ Àlàrùbá ló máa ṣe é, tó bá sì di àárọ̀ Àlàmísì, wọ́n á tú báńdéèjì ojú wọn. Àǹtí Ràbí pè mí. Wọ́n ní, "Sàlámọ̀, ojú rẹ ni mo fẹ́ kọ́kọ́ rí. Tí o ò bá sí níbẹ̀, kò sẹ́ni tó máa tú nǹkan kan lójú mi." Mo ní kí wọ́n má ṣe bí ọmọdé jàre. Wọ́n ní, "Mo ti sọ tèmi." Ẹ ò mọ̀ wọ́n? Tí wọ́n bá ti sọ pé àwọn ti sọ tàwọn, ó parí nìyẹn. Mi ò ní purọ́ fún yín, ẹkún ni mo sun nígbà tí mo gbé fóònù sílẹ̀.

Ni ẹ bá dáwó jọ, ẹ ra tíkẹ́ẹ̀tì bàálù fún mi, ti ọ̀sán Àlàrùbá. Èmi tí bàálù ń gba orí òrùlé mi kọjá látọdún wo, tí mo mọ ikùn rẹ̀ bí ẹni mọ àtẹ́lẹwọ́, mi ò wọ inú rẹ̀ rí. Ìyá rẹ ló mú mi lọ, Kúdí. A gba Egbéda, a gba Àkọ̀wọ́njọ, gbogbo ọ̀nà ló fi ń kọ́ mi bí ọmọ jéléósinmi. Ó ní kí n jẹ́ kí wọ́n fi kẹ̀kẹ́ arọ tì mí débi bàálù. Mo ní, "Ṣé mo rọ ni?" Ó ní, "Màámi, ó máa rọ̀ yín lọ́rùn ni." Mo ní, "Èmi tí mo ti já ẹrù lọ́rí ní Jẹ́bà ni wọ́n máa tì bí ọmọlanke?"

A débi tí wọ́n ti ń yẹ tíkẹ́ẹ̀tì wò. Ọmọbìnrin ibẹ̀ ní kí n gbé àpò mi wá, pé àwọn á bá mi gbé e sínú bàálù. Àpò tí mo kó ẹ̀lùbọ́ àti irú Àǹtí Ràbí sí? Kí n gbé e fún ẹni tí mi ò mọ̀ rí? Mo gbá a mọ́ra. Ìyá rẹ bẹ̀ wọ́n, wọ́n wọ̀n ọ́n, wọ́n ní kò tóbi, kí n máa gbé e lọ. Iwájú díẹ̀, wọ́n ní kí ìyá rẹ dúró, pé ẹni tó ń rìnrìn àjò nìkan ló ń kọjá. Ó wá ní, "Màámi, géètì kẹrin ni o. Ẹ lọ jókòó síbẹ̀. Ẹ má kúrò níbẹ̀ o, mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín."

Mo rí géètì kẹrin. Ẹ má rò pé mi ò rí i o. Mo mọ nọ́ńbà. Mo rìn tààrà débẹ̀, mo sì dúró, mo wo àwọn tó jókòó. Bóyá wọ́n tó ogún. Wọ́n na ẹsẹ̀ gbọọrọ, wọ́n ń tẹ fóònù. Mo wo ẹsẹ̀ wọn... ẹrù dà? Kò sí. Ẹni tó gbìyànjú níbẹ̀ ò ní ju póòsì kékeré lọ. Mo ní, háà. Ta ló ń lọ sí Kánò lọ́wọ́ òfìfo? Bí mo ṣe rẹ́rìn-ín sínú nìyẹn. Mo ní, ẹ̀yin ọmọ yìí, ẹ ti débí náà.

Ẹ̀ ń rẹ́rìn-ín. Ẹ máa rẹ́rìn-ín. Kí ni mo mọ̀? Ṣé ẹnikẹ́ni sọ fún mi pé gbogbo wọn ti gbé ẹrù wọn sílẹ̀ lọ́dọ̀ ọmọbìnrin tó ń yẹ tíkẹ́ẹ̀tì wò yẹn, pé èmi nìkan ni mo jà fún tèmi?

Mi ò jókòó. Mo lọ dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí wọ́n ń ta bisikíìtì, mò ń ṣọ́ wọn, mò ń retí kí ọkọ̀ kún. Kò kún. Nígbà tó pẹ́, mo ní kí n kúkú lọ kírun Àílà. Wọ́n júwe ibi ìkírun fún mi. Mo kírun, mo jókòó sórí ẹní, mo ń ṣàdúà fún ojú Àǹtí Ràbí. Mo bẹ Ọlọ́run gan-an. Ẹ̀rọ kan ń sọ Òyìnbó lókè orí mi, ó ń sáré sọ ọ́ bí ẹni tí ata ta lẹ́nu. Mi ò dá a lóhùn, ṣé èmi ló ń bá wí?

Ìgbà tí mo padà dé géètì kẹrin, ó ti kún. Ẹ gbọ́, ó kún fọ́fọ́, àwọn kan tiẹ̀ lẹ́rù lẹ́sẹ̀. Inú mi dùn. Mo ní ọkọ̀ ti fẹ́ gbéra. Mo fi ìwé mi han ọmọbìnrin kan tó wọ súwẹ́tà. Ó wò ó, ó wò mí. Ó ní, "Màmá, Pọ́táákọ́tù là ń lọ níbí o. Wọ́n ti gbé ti Kánò lọ sí géètì mìíràn. Wọ́n ti kéde ẹ̀ tipẹ́. Wọ́n ti ń wọlé."

Mo ní, "Géètì wo?" Ó ní kí n sọ̀kalẹ̀, kí n yà sọ́wọ́ òsì, òun ò rántí nọ́ńbà. Mo sọ̀kalẹ̀. Mo yà sọ́wọ́ òsì. Ilé ìtajà ni mo bá níbẹ̀. Mo padà. Pátákó kan wà lókè tó ń tan iná, kí n tó ka lẹ́tà méjì, ó ti yí padà. Ẹni tí mo bi léèrè, ohun tí wọ́n fi ń gbọ́ orin wà létí rẹ̀, kò gbọ́ mi. Èkejì ń sáré. Àwọn èèyàn pọ̀ bíi rẹ́rẹ, kò sì sẹ́ni tó ń pe ẹnikẹ́ni. Bàálù mìíràn tó ń lọ Kánò, ó di ọ̀sán ọjọ́ kejì, àárọ̀ tí wọ́n fẹ́ tú báńdéèjì á sì ti kọjá. Mo ń wo Àǹtí Ràbí lọ́kàn mi, lórí bẹ́ẹ̀dì, pẹ̀lú aṣọ lójú, tí wọ́n ń bi nọ́ọ̀sì pé, "Ṣé ó ti dé? Ẹsẹ̀ ta nìyẹn?"

Mo gbé àpò mi sílẹ̀. Mo so ìborùn mi mọ́ ìdí. Mo fi ọwọ́ méjèèjì bo ẹ̀gbẹ́ ẹnu báyìí.

"Kánò! Kánò, Kánò, Kánò! Èrò Kánò dà o?"

Gbogbo éápọ́ọ̀tù yíjú sí mi. Ọkùnrin kan tó wọ yunifọ́ọ̀mù yára wá bá mi, ó ń rọra sọ̀rọ̀, ó ní, "Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, a kì í pariwo níbí." Mo ní, "Ẹ ò pariwo lóòótọ́. Ṣé ẹ rí bí èrò ṣe ń sọnù?" Mo tún ké e. Kánò, Kánò, Kánò. Ni ọkùnrin Háúsá kan tó ń sùn lórí àga bá ta gìrì. Ó ní, "Ìyá, Kánò ti ń lọ? Èmi náà Kánò ni o." Mo ní, "Dìde, ọmọ mi, gbé ẹrù mi." Ó gbé e. Kò bi mí ní ìbéèrè.

Ẹ wá gbọ́. Láti òpin ọ̀dẹ̀dẹ̀ lọ́hùn-ún, ọmọbìnrin kan na ọwọ́ sókè, ó ń jù ú. Ó ní, "Kánò nìyí, ẹ máa bọ̀! Ẹ̀yin là ń wá! Ó ku èèyàn méjì!"

Láti ọjọ́ tí mo ti ń wọkọ̀, ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí wọ́n máa sọ fún mi pé ó ku méjì, tí yóò jẹ́ òótọ́.

A sáré. Mo wọ inú bàálù. Ta ni mo rí? Àwọn ọmọ mi tí ò lẹ́rù, gbogbo wọn, wọ́n ti so ara wọn mọ́ àga. Wọ́n ní, "Màmá, ẹ káàbọ̀." Mo bi ọ̀kan pé, "Ẹrù yín dà?" Ó ní, "Ó wà lábẹ́ wa, Mà, nínú ikùn bàálù." Mo fi ìborùn bojú. Ojú tì mí dé Kánò.

Àárọ̀ Àlàmísì, èmi ni mo di Àǹtí Ràbí lọ́wọ́ mú nígbà tí nọ́ọ̀sì ń tú báńdéèjì. Wọ́n ṣẹ́jú, wọ́n ṣẹ́jú. Wọ́n wá wò mí. Ó pẹ́ tí wọ́n fi wò mí, láti orí dé àgbọ̀n. Mo ń retí kí wọ́n ní ẹ ṣeun, Ọlọ́run. Wọ́n ní, "Sàlámọ̀tù. Ta ló ní kí o darúgbó?"

Nọ́ọ̀sì rẹ́rìn-ín, dókítà rẹ́rìn-ín. Èmi ò lè rẹ́rìn-ín. Wọ́n na ọwọ́, wọ́n ṣí gèlè mi sẹ́yìn, wọ́n ń fọwọ́ pa irun mi tó ti funfun báláú. Wọ́n ní, "Dúdú ló wà nígbà tí o lọ." Èmi náà wo tiwọn, kò sí dúdú kan níbẹ̀. Lórí fóònù, ohùn wọn ò yí padà, mo rò pé àwọn náà ò yí padà ni.

Kúdí, tí ìwọ bá dé éápọ́ọ̀tù, jókòó síbi tí wọ́n bá ní kí o jókòó, kí o sì máa tẹ́tí sí ẹ̀rọ yẹn. Bàálù kì í dúró dìgbà tó bá kún. Ìyẹn rọrùn. Èyí tó le ni mo fẹ́ sọ fún gbogbo yín. Ẹ̀yin ọmọ mi tí ẹ ń gbé Ìbàdàn, ẹ̀yin tí ẹ ń gbé Àbújá, ẹ máa ń ní a ti gbọ́ ohùn Màmá, ó tó. Kò tó. Ayé ti wá rí bẹ́ẹ̀ báyìí, gbogbo èèyàn ń sọ̀rọ̀, wọn kì í rí ara wọn. Ẹ máa wá. Ẹ wá jókòó síwájú mi nígbà tí ojú tèmi ṣì ń ríran, kí n mọ bí ẹ ṣe ń dàgbà.