Òkìtì Òkúta tí Mo Sọ Di Sàréè

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin tí ẹ ń ka èyí, ó ti rẹ̀ mí. Ẹnu tí mo fi ń pa àwọn ènìyàn lẹ́rìn-ín ni mo fi dá ẹ̀ṣẹ̀ kan, mi ò sì lè gbé e mọ́. Lọ́jọ́ Sátidé tó ń bọ̀, káńsù máa gbẹ́ ilẹ̀ kan ní Kábà láti hú egungun òkú jáde. Wọn ò ní rí egungun kankan. Èmi nìkan ni mo mọ̀.

Olùkọ́ ni mí. Bí wọ́n bá ń sọmọ lórúkọ, bí wọ́n bá ń sin òkú àgbà, èmi ni wọ́n máa ń pè kí n wá sọ ìtàn. Ìyàwó mi ní bí mo bá dé ẹnu ọ̀nà ọ̀run, irùngbọ̀n Pétérù ni màá kọ́kọ́ fi ṣe yẹ̀yẹ́ kí n tó bẹ̀bẹ̀ láti wọlé.

Lọ́dún mélòó kan sẹ́yìn, káńsù fẹ́ la àdúgbò tuntun sẹ́yìn ìlú, lápá ọ̀nà Bùnù. Wọ́n ya àwòrán rẹ̀, wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri gbọ̀ngàn, wọ́n sì pe àwa tí a nílẹ̀ níbẹ̀ pé kí a wá sọ tẹnu wa. Títì ńlá kan gba àárín àwòrán náà kọjá, ó tọ́ gbọọrọ bí ọ̀pá. Mo wò ó, mo tún un wò. Àárín igi kajú mi ló gbà.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gba tèmi rò. Ọwọ́ ara mi ni mo fi gbin àwọn igi yẹn nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gbéyàwó. Káńsù ní àwọn máa fún mi nílẹ̀ mìíràn. Ṣé ilẹ̀ mìíràn ló máa so kajú lọ́dún tó ń bọ̀?

Òkìtì òkúta kan wà lábẹ́ àwọn igi náà. Èmi ni mo ṣa àwọn òkúta yẹn jọ nígbà tí mo ń ro ilẹ̀ iṣu. Ṣùgbọ́n mo dìde, mo wo alága lójú, mo ní sàréè ni. Mo ní ọdẹ kan láti Bùnù ló ṣubú síbẹ̀ láyé àwọn bàbá wa, wọ́n sì sin ín síbi tó ṣubú sí.

Mo rò pé wọ́n á rẹ́rìn-ín, kí a wá jọ máa jiyàn. Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Lọ́dọ̀ wa, wọn kì í la ọ̀nà gba orí òkú àlejò. Òkú ara ilé ẹni, a lè bẹ̀ ẹ́. Ti àlejò, ta ló máa bá wa bẹ àwọn ènìyàn rẹ̀?

Ọ̀dọ́ kan nínú àwọn tó ń wọn ilẹ̀ ní kí wọ́n kúkú gbẹ́ ẹ wò. Bàbá àgbà kan yíjú sí i: "Ìwọ ọmọ yìí, ṣé bí ẹ ṣe ń ṣí aṣọ lára ẹni tó ń sùn nílé yín nìyẹn?" Gbọ̀ngàn hó yèè. Wọ́n tẹ títì náà, ó yà bàrá, ó sì lọ kú sẹ́yìn ilé ẹnìkan. Kajú mi là.

Mo rò pé ó parí síbẹ̀. Àwọn tó ń kọjá wá bẹ̀rẹ̀ sí í ju ewé sórí òkìtì náà láti fi bọ̀wọ̀ fún òkú. Bí ènìyàn bá wà nítòsí, èmi náà á ju tèmi.

Ìròyìn dé Bùnù. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ìyá àgbàlagbà kan gun ọ̀kadà dé láti Ayewa. Màmá Dúpẹ́ ni wọ́n ń pè é. Ó wà lọ́mọdé nígbà tí bàbá rẹ̀ lọ dẹ ìgbẹ́ tí kò sì padà wálé mọ́. Ó kúnlẹ̀ síwájú àwọn òkúta mi, ó ki bàbá rẹ̀ títí ohùn rẹ̀ fi há. Ó wá dì mọ́ mi, ó kí mi bí a ṣe ń kíra wa lọ́dọ̀ wa.

"Okun o, ọmọ mi. Ìwọ lo bá mi ṣọ́ ọ."

Ẹ jọ̀ọ́, kí ni kí n sọ? Mo ní, "Okun, Màmá." Láti ìgbà náà, bí wọ́n bá ti wa iṣu tuntun, ó máa ń fi ránṣẹ́ sí mi. Mo sì ń jẹ ẹ́.

Ní báyìí, àwọn ará àdúgbò ń pariwo. Táńkà omi kò ríbi yípo, ẹ̀yìn ẹ̀yìn ló fi ń jáde. Káńsù tún jókòó, wọ́n ní títì gbọ́dọ̀ tọ́, wọ́n sì ránṣẹ́ sí Màmá pé kó jẹ́ kí wọ́n gbé bàbá rẹ̀ kúrò. Mo ti ń gbàdúrà pé kó kọ̀. Ó jó ni! Ó ní ó ti pẹ́ tóun ti fẹ́ gbé e relé.

Lọ́jọ́ Àìkú tó kọjá, mo gbéra lọ sí Ayewa láti jẹ́wọ́. Kí n tó la ẹnu, ó fà mí lọ sẹ́yìnkùlé. Wọ́n ti gbẹ́ sàréè síbẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti ìyá rẹ̀.

"Wọ́n ní ó sá fún ìyá mi ni," ó wí. "Wọ́n ní ó lóbìnrin kan ní Mopa. Ẹ̀gàn yẹn ni ìyá mi gbé kú. Ìwọ lo gbà á kúrò lọ́rùn rẹ̀."

Ó wá béèrè ibi tí orí bàbá rẹ̀ kọjú sí, kí wọ́n lè tẹ́ ẹ bẹ́ẹ̀ níbí.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì bú mi. Mo ní, "Ọ̀nà ilé ló kọjú sí, Màmá."

Irọ́ kejì nìyẹn. Ó sunkún, ó sì rẹ́rìn-ín. Ó bu oúnjẹ fún mi, mo sì jẹ ẹ́ tán.

Mo ti rò ó pé kí n ri egungun ewúrẹ́ mọ́lẹ̀ níbẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni, mo rò ó. Ìtìjú ni kò jẹ́ kí n ṣe é. Kí wọ́n gé kajú náà, mo ti yọ̀ǹda. Ṣùgbọ́n bí mo bá sọ òtítọ́, bàbá rẹ̀ á tún sọnù, ìyá rẹ̀ á sì tún di ẹni tí ọkọ kọ̀ sílẹ̀. Bí mo bá dákẹ́, ṣọ́bìrì máa sọ ọ́ lójú rẹ̀ níṣojú gbogbo ìlú.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin tí orí yín pé jù tèmi, ẹ gbà mí nímọ̀ràn kí Sátidé tó pé. Mo lè kúnlẹ̀, mo lè dọ̀bálẹ̀. Ọ̀rọ̀ wo ni kí n kọ́kọ́ sọ fún Màmá?