Ohùn Mi Ló Lé Ìyàwó Mi Jáde

Alága ìjókòó ìfẹ̀yìntì mi yìí, mo kí yín. Dókítà àgbà, mo bọ̀wọ̀ fún yín. Mátírọ́ọ̀nù, ẹ̀yin nọ́ọ̀sì, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń fọ aṣọ ẹlẹ́jẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kì í dúpẹ́ lọ́wọ́ yín, mo kí yín jù. Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ ti ń yìn mí láti àárọ̀. Ẹ ní Ohùn-Agogo ni mí, pé ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mo fi dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá dókítà, tí mo ń pe aláìsàn wọlé. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n inú ń bí mi, n kò sì ní fi ẹ̀rín bò ó.

N kò kàwé. N kò lè ka orúkọ lára káàdì. Akọ̀wé á sọ àìsàn sí mi létí, èmi á fi pariwo: "Ojú dídùn, dìde! Ẹsẹ̀ wíwú, ó kàn ọ́!" Gbogbo yàrá á bú sẹ́rìn-ín. Nọ́ọ̀sì kan tiẹ̀ máa ń sọ pé, "Bàbá, ẹ tún un pè, n kò gbọ́!"

Láti ìgbà ọ̀dọ́ ni ọmú ìyàwó mi ọ̀kan ti tóbi ju èkejì lọ. Ó máa ń ká aṣọ sínú kọ́mú kí wọ́n lè dọ́gba. Mo mọ̀, n kò bá a sọ ọ́ rí. Ó gbọ́ pé wọ́n ń tún un ṣe níbí, ó bo orí, ó wá láìsọ fún mi. Mo ṣílẹ̀kùn, mo ké: "Ọlọ́mú kan ńlá kan kékeré, wọlé!"

Ta ló dìde? Ẹ̀yìn obìnrin kan ni mo rí tó ń jáde. Mo ní, "Ó ti sá lọ o!" Ẹ tún rẹ́rìn-ín.

Ọ̀dọ̀ obìnrin kan tó ń fún èèyàn lábẹ́rẹ́ òróró sọ́mú nínú ilé ìdáná, kí ọmú lè tóbi, ló gbà lọ. Ọmú náà le bí òkúta, ó kẹ̀, oró rẹ̀ wọ inú ẹ̀jẹ̀. Lórí ibùsùn ló ti sọ pé, "Bàbá ọmọ mi, ohùn yín ni mo gbọ́ lọ́jọ́ yẹn." Ó kú. Ẹni da eérú leérú ń tọ̀.

Lẹ́yìn ìsìnkú ni mo tó bi dókítà àgbà léèrè. Ó ní ọmú ọ̀pọ̀ obìnrin ni kò dọ́gba, kì í ṣe àrùn. Kọ́mú tó bá ara mu tó fún ẹlòmíràn. Èyí tó wúwo tó ń dá ẹ̀yìn lóró, wọ́n lè dín in kù. Èyí tó wálẹ̀, wọ́n lè gbé e sókè. Èyí tó kéré, wọ́n lè fi kún un. Ó ní àpá rẹ̀ kì í pa rẹ́ tán, ó sì lè dín omi ọmú kù fún ẹni tó ṣì fẹ́ bímọ, kí obìnrin bèèrè dáadáa kó tó gbà. Ṣé ọ̀rọ̀ yìí gùn ni? Kí ló dé tí kò sẹ́ni tó sọ ọ́ fún ìyàwó mi?

Láti ìgbà náà, nọ́ńbà ni mò ń pè. Àmọ́ lánàá, ẹni tó gba ipò mi, tó kàwé, ké pé, "Ọlọ́mú wíwálẹ̀!" Ó yíjú sí mi: "Bàbá, ṣé mo ti mọ iṣẹ́ yín?" Òpònú! Ọ̀dọ́mọbìnrin tó ń pè ti bọ́ sójú títì. Mo fi orúnkún tó ń ro mí yìí sáré bá a.

"Ìyá mi, padà."

"Wọ́n á rẹ́rìn-ín, Bàbá."

"Kí wọ́n rẹ́rìn-ín lójú mi, kí wọ́n wo ohun tí màá ṣe."

Mo di ọwọ́ rẹ̀ mú wọlé. Dókítà ní kó padà wá lọ́jọ́ Ajé. Èmi kò ní sí lẹ́nu ọ̀nà lọ́jọ́ Ajé. Mátírọ́ọ̀nù, báwo lẹ ṣe máa pè é?

Kí Ọlọ́run má fi ẹnu wa pa ẹni wa. Kí ẹ dàgbà, kí ẹ má jókòó ti irú ibùsùn tí mo jókòó tì. Ẹ ṣé o. N kò tíì jókòó, Mátírọ́ọ̀nù. Mò ń dúró de èsì yín.