Ìwé tí Mo Lẹ̀ Mọ́ Ilẹ̀kùn Maïmouna

Ẹ má kí mi kú ìnira. Ẹ má sì sọ pé kí n lọ sinmi. Dókítà ti sọ ohun tó fẹ́ sọ nípa ikùn mi tó wú yìí, mo sì mọ̀ pé iṣu tuntun ọdún yìí kò ní bá mi láyé. Latifa ọmọ mi ló gbé mi láti Manigri wá sí Bassila, síwájú bútíìkì mẹ́fà yìí, nítorí ọ̀rọ̀ kan wà nínú mi tí mi ò gbọdọ̀ gbé wọ ilẹ̀. Àwọn kan nínú ẹ̀yin tí ẹ jókòó sí ìloro yìí máa bú mi kí n tó parí. Ẹ bú mi. Ṣùgbọ́n ẹ ní sùúrù kí n dé ibi tí orúkọ tiyín náà wà.

Èmi Yacoubou kọ́ ni mo ni ilé yìí. Ẹ rò pé èmi ni, mo sì jẹ́ kí ẹ rò bẹ́ẹ̀. Àlàájì Oumarou, àgbẹ̀ kajú ní Manigri, ló kọ́ ọ. Mo háyà rẹ̀ lódindi lọ́wọ́ Àlàájì, mo wá ń fi bútíìkì kọ̀ọ̀kan háyà fún yín. Àlàájì mọ̀, ó sì fọwọ́ sí i. Èrè tí mò ń rí níbẹ̀ tó mi jẹun. Ojúkòkòrò mi ni kò tó.

Ní ọdún mẹ́rin sẹ́yìn, mo ra sìmẹ́ǹtì ní ilé ìtajà ńlá kan ní Parakou. Mo rí i nínú ìwé tí wọ́n fún mi pé wọ́n kọ TVA, owó orí ọjà, sí ìsàlẹ̀, méjìdínlógún lórí ọgọ́rùn-ún. Mo bi akọ̀wé wọn léèrè. Ó ní owó ìjọba ni, àwọn kàn ń bá ìjọba gbà á ni. Ọ̀rọ̀ yẹn dùn létí mi bí oyin. Owó tí ènìyàn ń san láìjiyàn! Bí mo ṣe dé Bassila, mo tọ Gafarou lọ, ẹni tó máa ń ṣe fọ́tòkọ́pì lẹ́bàá ibùdókọ̀. Mo ní kó tẹ ìwé owó ilé fún mi, kó kọ TVA sí i. Ó wò mí.

“Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ ti forúkọ sílẹ̀ fún un?”

Mo ní, “Ìwé ni mo ní kí o tẹ̀, n ò ní kí o tẹ ìbéèrè.”

Ó rẹ́rìn-ín, ó sì tẹ̀ ẹ́.

Mi ò forúkọ sílẹ̀ níbì kankan. Oníṣòwò kékeré ni mí. Irú wa ní owó orí tiwa tí a ń san lọ́dọọdún, a kò sì láṣẹ láti gba TVA lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Mi ò tíì mọ òfin yẹn dáadáa nígbà náà, ṣùgbọ́n mo mọ èyí tó tó fún ìdálẹ́bi mi: mo mọ̀ pé fránkì kan nínú rẹ̀ kò ní dé ọ̀dọ̀ ìjọba. Ẹ san án fún ọdún méjì gbáko. Tí ẹ bá ráhùn, èmi náà á bá yín bú ìjọba. Òrùlé tó wà lórí ilé mi ní Manigri, ẹ̀yin lẹ kàn án.

Maïmouna aránṣọ, ọmọ Doguè, ló wà ní bútíìkì kẹta. Àwọn òṣìṣẹ́ owó orí wá sí mérì, ilé ìjọba ìbílẹ̀ wa, láti ṣàlàyé òfin fún àwọn oníṣòwò. Kò sí ẹni tó lọ nínú yín. Maïmouna lọ. Nígbà tó dé, ó kúnlẹ̀ kí mi.

“Bàbá Latifa, wọ́n ní oníṣòwò kékeré kì í gba TVA. Wọ́n ní ẹni tó bá ń gbà á gbọ́dọ̀ ní nọ́ńbà owó orí, kó sì máa fún wa ní ìwé láti inú ẹ̀rọ ìjọba. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi nọ́ńbà yín hàn mí kí ọkàn mi balẹ̀.”

“Aránṣọ, ṣé òfin ni o fẹ́ máa rán báyìí?”

“Rárá o, Bàbá. Ṣùgbọ́n tí ẹ kò bá ní in, ẹ dá tèmi padà. Mi ò ní sọ fún ẹnikẹ́ni.”

Ìwà pẹ̀lẹ́ rẹ̀ ló bí mi nínú jù. Ó ṣí ọ̀nà àbáyọ sílẹ̀ fún mi, èmi ẹranko, mo sì kọ̀ ọ́. Lọ́jọ́ yẹn gan-an, mo ń lọ láti bútíìkì dé bútíìkì. Mo ní Maïmouna ti lọ fẹjọ́ wa sùn ní mérì, pé òun ló máa jẹ́ kí wọ́n fi kún owó yín. Ta ló bi mí pé ṣé òótọ́ ni? Ẹnikẹ́ni kò bi mí. Kabirou, ìwọ tó ń tún fóònù ṣe, o ní, “Ẹ fi obìnrin yẹn sílẹ̀ fún wa.”

Èyí kò tíì jẹ́ nǹkan kan. Ọ̀sẹ̀ Iléyá kù sí dẹ̀dẹ̀, aṣọ àwọn oníbàárà kún bútíìkì rẹ̀ bámúbámú. Mo padà tọ Gafarou lọ. Ó tẹ ìwé kan pẹ̀lú òǹtẹ̀ èké. Nígbà tí àwọn ènìyàn wà nírun àsùbáà, mo fi àgádágodo mi ti ilẹ̀kùn Maïmouna, mo sì lẹ ìwé náà mọ́ ọn: A ti ibí yìí pa nítorí pé Maïmouna aránṣọ kó owó TVA ìjọba jẹ. Ẹ̀ṣẹ̀ mi ni mo kọ, orúkọ rẹ̀ ni mo fi sí i.

Ó dé. Ó ka ìwé náà, ó tún un kà, ó wá yíjú sí mi. Ó mọ̀. Mo rí i lójú rẹ̀ pé ó mọ̀. Kó tó lanu, mo ti pariwo: “Olè! O jẹ owó ìjọba, o sì fẹ́ kó bá gbogbo wa!” Àwọn oníbàárà sáré dé. “Aṣọ ọmọ mi dà?” “Aṣọ ọkọ mi ńkọ́?” Ẹ̀yin yí i ká. Kabirou, ìwọ lo já ìborùn rẹ̀ kúrò lórí. Orí ìhòòhò ni obìnrin yẹn fi rin títì yìí dé ibùdókọ̀, ẹ̀ ń hó lé e lórí. Lẹ́yìn náà ni mo ṣílẹ̀kùn, tí mo ń pín aṣọ fún àwọn tó ni wọ́n. Wọ́n ṣàdúrà fún mi! Mo dáhùn “Àmín”, mo sì ta ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ méjèèjì.

Kì í ṣe ẹ̀rí ọkàn ló mú mi wá síbí, ẹ má tan ara yín jẹ. Latifa ló ń wá káàdì ilé ìwòsàn mi lábẹ́ ibùsùn, ló bá kan àwọn ìwé owó ilé àti ẹ̀dà ìwé èké yẹn. Ìṣirò owó ló kọ́ ní Parakou. Ó béèrè lẹ́ẹ̀kan péré: “Bàbá, TVA wo nìyí?” Nígbà tí mo sọ fún un, kò fọwọ́ kan oúnjẹ ilé mi mọ́. Ó lọ sí Doguè. Ó bá Maïmouna tó ń fi ọwọ́ rán aṣọ àkísà fún àwọn ará oko. Ó bẹ̀ ẹ́ nítorí mi. Maïmouna ní, “Ojú títì ló ti pè mí lólè. Kò lè wá tọrọ àforíjì nínú ìyẹ̀wù. Kó lọ sọ ọ́ níbẹ̀.”

Òun ni ẹ̀ ń wò ní òdìkejì títì yẹn, tí kò fẹ́ sọdá.

Mo ti ta oko kajú mi. Owó ẹ̀rọ méjèèjì wà lọ́wọ́ Latifa, ó sì ti kó gbogbo ìwé náà lọ sí ilé-iṣẹ́ owó orí. Ohun tí wọ́n bá sọ pé kí n san, Latifa yóò ta ilé mi láti fi san án. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tó ń háyà bútíìkì, ẹni tó bá ní owó ìjọba ni òun ń gbà, ẹ ní kó fi nọ́ńbà rẹ̀ hàn yín. Tó bá bínú, ẹ ti rí ìdáhùn.

Maïmouna, mi ò gbé ikùn wíwú yìí wá láti fi fa àánú rẹ. Ìwọ kì í ṣe olè. Èmi Yacoubou ni olè. Dárí jì mí, bí o bá lè ṣe é. Bí o kò bá lè ṣe é, mi ò ní bá ọ jà láyé, mi ò sì ní bá ọ jà lọ́run.

Kabirou, kí lò ń wolẹ̀ sí? Ọwọ́ mi kọ́ ló já ìborùn. Mo ti sọ tèmi. Dìde, kí o sọdá títì yẹn. Ìwọ ló kàn.