Ọjọ́ Tí Papa Tún Ní Kí Wọ́n Gbé Ọmọ Odó Sílẹ̀

Halelúyà! Ẹ̀yin ará, ẹ jẹ́ kí n tún un pa: Halelúyà o! Ẹ má bínú pé mo ń pariwo. Lọ́jọ́ tó yẹ kí n pariwo gan-an, wọ́n ní kí n pa ẹnu mọ́, mo sì pa á mọ́. Ti ọjọ́ yẹn ni mo wá pa lónìí.

Ọlọ́run, o ṣeun. Mo tún ní o ṣeun.

Hélène lorúkọ mi. Mo ń ránṣọ ní Djègan-Kpèvi. Ọ̀pọ̀ nínú yín ló wọ iṣẹ́ ọwọ́ mi wá sí ìsìn yìí, mo ti ń rí yín. Bàbá mi ni Papa Firmin tó jókòó níwájú yẹn. Ẹ̀yin àgbà mọ̀ ọ́n. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, bàbá yìí ló dá Ohùn Ọ̀sà sílẹ̀, ilé tó ń gbé àwo orin jáde, tó jẹ́ pé kò sí ìgbéyàwó kan ní Àjàṣẹ́ nígbà náà tí wọn ò ti ní gbé àwo rẹ̀ sí i. Kò ní sítúdíò o. Àgbàlá ilé wa ni sítúdíò. Á fi tìmùtìmù ti ara ògiri, á to àwọn olórin sábẹ́ igi máńgòrò, á gbé ẹ̀rọ tó ń gba ohùn sórí àga ìdáná Màmá.

Ariwo àdúgbò ni ìṣòro. Ìyá àgbà kan wà lẹ́yìn ògiri wa tí odó rẹ̀ kì í sinmi. Nítorí náà, kí orin tó bẹ̀rẹ̀, Papa á gbé ọwọ́ sókè, á kọ́kọ́ fi Faransé pè é: "Sìláánsì!" Ìyẹn ni pé kí gbogbo ẹnu pa mọ́. Á wá kọjú sí ògiri: "Ìyá Àgbà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé ọmọ odó sílẹ̀." Odó á dákẹ́. Papa á tan ẹ̀rọ, á ní, "Ó ti ń yí o," àwọn olórin á sì bẹ̀rẹ̀. Bí orin bá parí, kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ mira títí á fi sọ pé, "Ó ti wọlé." Ìyẹn ni pé orin ti wọnú ẹ̀rọ. Gbogbo orin tó gbà sílẹ̀ láyé rẹ̀, bó ṣe ń ṣe é nìyẹn.

Lọ́dún tó kọjá, láàárọ̀ ọjọ́ kan, Papa fẹ́ bèèrè omi lọ́wọ́ Màmá. Ọ̀rọ̀ kò jáde. Ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ rọ, ẹnu rẹ̀ wọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. A gbé e dé ilé ìwòsàn. Dókítà tó tọ́jú rẹ̀, obìnrin jẹ́jẹ́ kan, kò tàn wá. Ó ní, "Ó ń gbọ́ yín, ó sì mọ̀ yín. Ọ̀rọ̀ wà nínú rẹ̀, ọ̀nà tó máa gbà jáde ló dí. Ó lè là, ó sì lè má là."

Ẹ wá wo ohun tí a ṣe. Bí wọ́n ṣe tọ́ Màmá ni pé ilé tí aláìsàn bá wà, ariwo kò gbọ́dọ̀ sí níbẹ̀. Ó gbé rédíò lọ sínú yàrá ẹrù. Ó faṣọ bo ẹ̀rọ tí a fi ń gbọ́ àwo. Ó bẹ àwọn ọmọ-ọmọ Ìyá Àgbà, àwọn tó jogún odó rẹ̀, pé kí wọ́n máa lọ gúnyán wọn níbòmíì. Ìfẹ́ ni gbogbo rẹ̀. Ṣùgbọ́n ilé wa dákẹ́ débi pé a ń gbọ́ ìró bàtà ara wa, Papa á sì jókòó sójú kan, omi á máa bọ́ lójú rẹ̀. Ó dùn mí, ẹ̀yin ará. Mo máa ń sunkún sórí aṣọ oníbàárà.

Ibi tí a wà nìyẹn tí Madame Mireille fi dé láti Kútọnu. Fíìmù ló ń ṣe nípa àwọn tó dá ilé àwo orin sílẹ̀ létíkun wa yìí. Ó ti rí ti Lomé, Papa ló kàn. Kò mọ̀ pé ó ń ṣàìsàn. Nígbà tó rí i, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga rẹ̀, ó di ọwọ́ rẹ̀ mú. "Papa, bí mo bá ń sunkún ní kékeré, àwo yín ni ìyá mi fi ń tù mí nínú."

Ẹ̀gbọ́n mi Boniface, tó ń fi ọkọ̀ kẹ́rù ní Kraké lẹ́nu bodè, fárígá. "Rárá o. Ṣé kí gbogbo ayé wá máa wo bí ẹnu bàbá wa ṣe wọ́ ni? Ẹni tó gba ohùn gbogbo èèyàn sílẹ̀, tí òun alára ò wá ní ohùn mọ́?" Papa fúnra rẹ̀ ló na ọwọ́ òsì sí kámẹ́rà, ó fi orí dáhùn pé bẹ́ẹ̀ ni.

Lọ́jọ́ tí wọ́n wá ṣe é, wọ́n gbé Papa jókòó sábẹ́ igi máńgòrò. Madame ní kó kàn jókòó, àwa la máa sọ̀rọ̀. Àmọ́ ẹ mọ Màmá. Àlejò ò lè wá látọ̀nà jíjìn kó lọ láìjẹun, ó sì ti bẹ àwọn tẹ̀yìn ògiri pé kí wọ́n bá òun gúnyán. Bí wọ́n ṣe tan kámẹ́rà báyìí, odó bẹ̀rẹ̀. Gbìm, gbìm. Ẹni tó bá Madame wá láti gba ohùn yọ nǹkan etí rẹ̀. Madame gbé ọwọ́ sókè, ó pè é: "Sìláánsì!"

Odó ò dákẹ́.

Mo rí i tí ojú Papa le. Ó gbé ọwọ́ òsì. Ó yí ọrùn sí ògiri. Ẹnu rẹ̀ ń wá nǹkan, ó ń wá a, ó wá rí i. "Ìyá Àgbà... ẹ jọ̀ọ́... ẹ gbé ọmọ odó sílẹ̀."

Odó dákẹ́. Papa ní, "Ó ti ń yí o."

Olúwa! Màmá lọ sórí eékún: "Bàbá Boni, ẹ tún un sọ, ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún un sọ." Mo ya ẹnu kí n pariwo báyìí, ni Papa bá fi ìka kan ètè, ó ń fi ojú bá mi wí. Ẹ̀rọ ń yí, ta ló ń sọ̀rọ̀? Halelúyà dé ọ̀fun mi, mo gbé e mì. Boniface fi fìlà bo ojú rẹ̀. Gbogbo wa dákẹ́ lábẹ́ igi náà, omijé ń dà, títí Papa fi sọ ọwọ́ rẹ̀ kalẹ̀ tó ní, "Ó ti wọlé."

Ìgbà náà ni ẹ ò bá wá gbọ́ igbe!

A tún lọ bá dókítà. Inú rẹ̀ dùn. "Ọ̀rọ̀ tó ti mọ́ ẹnu lára máa ń rí ọ̀nà jáde ṣáájú," ó ní. "Ta ló ní kí ẹ pa ilé lẹ́nu mọ́? Ẹ gbé orin sí i." Màmá ká aṣọ kúrò lórí ẹ̀rọ lọ́jọ́ náà. Díẹ̀díẹ̀ ni o, ìwòsàn ṣì ń lọ, ṣùgbọ́n Papa ti ń bèèrè omi. Ó ti ń bá Boniface jà lórí bọ́ọ̀lù. Wọ́n sì ti fi fíìmù náà hàn wá. Madame ò yọ odó kúrò. Ìró odó ló fi bẹ̀rẹ̀.

Ẹ bá mi dúpẹ́. Ẹ bá mi dúpẹ́ lọ́wọ́ dókítà, lọ́wọ́ Madame, lọ́wọ́ ọmọ tó ń gúnyán. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní aláìsàn tí kò lè fèsì, ẹ lọ jókòó tì í. Ẹ kọrin fún un, ẹ bá a ṣe yẹ̀yẹ́, ẹ pe orúkọ tó máa ń pè yín. Ó ń gbọ́. Ẹ má jẹ́ kó rẹ̀ yín, Ọlọ́run tó ṣe tiwa kò lọ síbì kankan.

Papa, ẹ̀rí mi ti parí. Ẹ wí nǹkan kan fún ìjọ.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà lẹ́yìn lọ́hùn-ún, ṣé ẹ gbọ́? Ó ní ó ti wọlé.