Ẹ̀ka Kan Péré Ló Kù

[Ọ̀sán ni. Agégi ló pe. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, tó tọ́ òun àti àbúrò wọn Kékeré dàgbà, ló gbé e. Afẹ́fẹ́ ń fẹ́ lára fóònù Agégi.]

Ẹ̀GBỌ́N: Hello? Ẹ kú iṣẹ́ o.

AGÉGI: Ẹ káàsán, Ẹ̀gbọ́n. Ṣé dáadáa lẹ wà?

Ẹ̀GBỌ́N: Dáadáa ni. Ẹ̀bẹ̀ lo fẹ́ bẹ̀, mo mọ̀ ẹ́. Aago mẹ́rin ni mo ní kí fọtógíráfà wá—

AGÉGI: Ẹ̀gbọ́n—

Ẹ̀GBỌ́N: —kì í ṣe aago márùn-ún. Látọjọ́ táláyé ti dáyé, àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ò ní fọ́tò kan ṣoṣo pa pọ̀. Ẹ̀wù Kékeré ni mò ń lọ̀ lọ́wọ́ báyìí. Ọrùn ẹ̀ ò gbọ́ràn sí áyọ́ọ̀nù lẹ́nu, àfi bí ẹni tó ni ín.

AGÉGI: Ibo lẹ kó àwọn káàdì ọsibítù wa sí?

Ẹ̀GBỌ́N: Káàdì kẹ̀? Inú dúrọ́ọ̀. Ta ló ń ṣàìsàn?

AGÉGI: Wọ́n lè béèrè blood group.

Ẹ̀GBỌ́N: Ta ló máa béèrè? Ibo lo wà gan-an? Atẹ́gùn kún etí mi.

AGÉGI: Orí igi.

Ẹ̀GBỌ́N: O wà lórí igi, o ń tẹ fóònù?

AGÉGI: Mi ò gé nǹkan kan mọ́.

[Ohùn ń já.]

Ẹ̀GBỌ́N: Ṣé o gbọ́ mi? Network yìí náà. Fún Kékeré ní fóònù.

AGÉGI: Ìsàlẹ̀ ló wà.

Ẹ̀GBỌ́N: Pè é kó gbé tiẹ̀, màá pè é síbẹ̀.

AGÉGI: Kò lè gbé e, Ẹ̀gbọ́n.

[Áyọ́ọ̀nù kanlẹ̀.]

Ẹ̀GBỌ́N: Má fọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n sọ. Kí ló ṣe é?

AGÉGI: Ọ̀rọ̀ ti bẹ́yìn yọ. Ẹ̀ka ló gbá a.

Ẹ̀GBỌ́N: Ẹ̀ka wo? Ṣebí okùn lẹ máa ń so ó mọ́? Zip line tí Kékeré ń fi yángàn kiri ilé, pé ẹ̀ka á gba orí òrùlé onílé kọjá, páànù kan ò ní mọ̀ pé ó kọjá—

AGÉGI: Òun náà ni. A ta á látorí igi dé ẹ̀yìn mọ́tò wa. Tí mo bá ti gé ẹ̀ka, á rọ̀ mọ́ pulley tó ń yí lórí okùn, á máa sáré tọ̀ ọ́ lọ. Kékeré ló máa ń di okùn ìjánu mú nísàlẹ̀, kó má baà sáré jù.

Ẹ̀GBỌ́N: Ó bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀?

AGÉGI: Kò—

[Ohùn já díẹ̀.]

Ẹ̀GBỌ́N: Ṣé o gbọ́ mi? Mo ní ṣé ó bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀?

AGÉGI: A ti tú u. Ẹ̀ka kan péré ló kù, kò nípọn ju itan mi lọ. Mo ní kó tú okùn ìjánu, kó máa ká a sẹ́yìn mọ́tò, kí n fi gé èyí tó kù. Mo pariwo pé ó ń bọ̀. Ó nawọ́ sókè.

Ẹ̀GBỌ́N: Ìyẹn ni pé kí ni?

AGÉGI: Pé òun ti yà lọ́nà. Bá a ṣe ń ṣe é láti ọdún mẹ́sàn-án nìyẹn. Àmọ́ ẹ̀yìn ló kọ sí mi, okùn ló ń ká. Ó kàn nawọ́ ni, torí ó ti mọ́ ọn lára. Ẹ̀gbọ́n, mo rí i pé ó kẹ̀yìn sí mi. Mo rí i, mo sì gé e.

Ẹ̀GBỌ́N: Kí ló ń lé yín?

AGÉGI: Kò sí.

Ẹ̀GBỌ́N: Mo ní kí ló ń lé yín?

AGÉGI: Ẹ̀gbọ́n, please.

Ẹ̀GBỌ́N: Aago mẹ́rin mi ni.

AGÉGI: Rárá o. Ọwọ́ mi ni ayùn wà.

Ẹ̀GBỌ́N: Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo pè yín láàárọ̀—

AGÉGI: Ẹ má gbé e lé ara yín lórí, mo bẹ̀ yín. Ṣé ẹ gbọ́ mi?

Ẹ̀GBỌ́N: Mo gbọ́. Ta ló wà lọ́dọ̀ ẹ̀?

AGÉGI: Dírẹ́bà mọ́tò wa ti sáré lọ wá ambulance.

Ẹ̀GBỌ́N: Mo ní ta ló wà lọ́dọ̀ ẹ̀.

AGÉGI: Kò sẹ́nì kankan.

Ẹ̀GBỌ́N: Sọ̀ kalẹ̀.

AGÉGI: Tí mo bá débẹ̀, màá mọ̀. Níbi tí mo wà yìí, mo ṣì lè sọ pé ó dákú ni.

Ẹ̀GBỌ́N: Nígbà tí Màámi kú, àárín èmi àti ìwọ ló ń sùn sí títí ó fi pé ọmọ ọdún méjìlá, torí ó ń bẹ̀rù àtidá wà. O wá fẹ́ fi í sílẹ̀ lórí ilẹ̀ẹ́lẹ̀ níwájú ilé onílé? Sọ̀ kalẹ̀. Má pa fóònù.

[Okùn tí Agégi fi ń sọ̀ kalẹ̀ ń yọ̀ gba inú irin. Agégi ń mí gùlegùle. Bàtà kanlẹ̀.]

AGÉGI: Mo ti délẹ̀.

Ẹ̀GBỌ́N: Lọ bá a.

[Ẹsẹ̀ ń tẹ ewé.]

AGÉGI: Ó ti ká okùn náà tán, Ẹ̀gbọ́n. Ó ká a dáadáa.

Ẹ̀GBỌ́N: Ṣé ó ń mí?

AGÉGI: Rárá.

[Ẹ̀gbọ́n ń sunkún.]

Ẹ̀GBỌ́N: Ojú ẹ̀ ńkọ́?

AGÉGI: Ó là sílẹ̀.

Ẹ̀GBỌ́N: Pa á dé fún un.

AGÉGI: Ọwọ́ mi dọ̀tí.

Ẹ̀GBỌ́N: Kò burú. Jẹ́ẹ́jẹ́ ni kó o ṣe é.

AGÉGI: Mo ti pa á dé. Ẹ dárí jì mí.

Ẹ̀GBỌ́N: Ọmọ mi nìwọ náà. Mò ń wá bàtà mi, mò ń bọ̀. Gbé orí ẹ̀ lé itan ẹ. Tí àwọn alámbúláǹsì bá dé, tí wọ́n ní kó o bọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, sọ fún wọn pé ẹ̀gbọ́n ẹ̀ ní kó o má kúrò—

[Ìpè já.]