Ohùn Mi Ló Lé Ìyá Mi Sáré

Bí ẹ bá dé Ungwan Romi ní Kàdúná lónìí, tí ẹ gbọ́ tí àwọn ọmọ iléèwé ń pe obìnrin kan ní Mama Gudu, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má bá wọn rẹ́rìn-ín. Ìyá mi ni. Èdè Haúsá ni gudu, kí èèyàn sá ló túmọ̀ sí, obìnrin tí wọ́n sì sọ lórúkọ yìí kì í ṣe ojo rárá. Èmi ni mo fún un lórúkọ náà. Mi ò fi ẹnu ara mi pè é bẹ́ẹ̀ o, ta ni mo jẹ́, ṣùgbọ́n ohùn mi ló so ó mọ́ ọn lọ́rùn, àwọn àgbà sì ti sọ ọ́ pé ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Ẹ fìdí lé ẹní kí n rò ó fún yín bó ṣe ṣẹlẹ̀, nítorí ọ̀rọ̀ náà ń dùn mí títí di bí mo ṣe ń sọ̀rọ̀ yìí, kì í sì í ṣe ibi tí ẹ rò ló ti ń dùn mí.

Kí n ti ibẹ̀rẹ̀ sọ eléyìí fún yín: orin ni mò ń kọ, mi ò sì ní í fi sílẹ̀. Kì í ṣe orin tí wọ́n ń jó sí níbi ìgbéyàwó. Rọ́ọ̀kì ni, ẹ̀yà rẹ̀ tí wọ́n ń pè ní pọ́ńkì, orin kúkúrú, orin kíákíá, tí èèyàn ń kọ bí ẹni tó ń bá ayé jà. Àwa mẹ́ta la wà nínú ẹgbẹ́ wa, obìnrin sì ni gbogbo wa. Èmi ni mò ń kọrin, èmi náà ni mò ń ta gìtá. Tàlátù, ọmọ Kamazou, ló ń lu ìlù, Ràbí tó ń ránṣọ ní Badarawa ló ń ta gìtá olóhùn ìsàlẹ̀. Hayaniya lorúkọ ẹgbẹ́ wa, ìyẹn ariwo lédè Haúsá. A tètè fi jẹ́ ara wa kí ẹlòmíràn tó fi bú wa. Àwa tí à ń kọ irú orin yìí ní Kàdúná kò pọ̀, a mọ ara wa. Ibi tí wọ́n ti ń fọ mọ́tò, ilé tí wọn ò tíì kọ́ tán, ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù, ibikíbi tí wọn ò bá ti lé wa la ti ń kọ ọ́. Ibùjókòó tiwa ni ṣẹ́ẹ̀dì bàbá Tàlátù tó jẹ́ mẹkáníìkì ní Ungwan Romi, níbi tí òórùn ọ́ìlì ti gba gbogbo aṣọ wa. Bàbá náà kò fẹ́ràn orin wa, àmọ́ ó ní ó sàn kí òun máa gbọ́ ariwo ọmọ òun ju kí òun máa wá a káàkiri ìgboro. Fóòmù bẹ́ẹ̀dì àlòkù la fi bo ara páànù kí ohùn má baà jáde púpọ̀. Bí mo bá la ẹnu, ẹni tí kò mọ̀ mí á kọ́kọ́ máa wá ọkùnrin tó ń pariwo náà. Inú mi máa ń dùn sí i. Ọlọ́run fún àwọn kan lẹ́wà, ó fún èmi lóhùn.

Orin tí àwọn ènìyàn wa fẹ́ràn jù nínú orin mi ni èyí tí mo pè ní Gudu. Ìtàn ìyá mi ni. Mo kéré gan-an nígbà ìjà ẹ̀sìn tó pín Kàdúná sí méjì. Badarawa là ń gbé nígbà náà, bàbá mi tó jẹ́ tíṣà sì ń lọ síbi iṣẹ́ ní òdìkejì odò. Nígbà tí ariwo sọ, ìyá mi gbé mi pọ̀n, ó wá bàbá mi lọ síbi iṣẹ́. Bàbá mi náà gba ọ̀nà mìíràn, ó ń wá wa bọ̀ nílé. Ẹ ò rí ayé? Kí ẹni méjì máa wá ara wọn, kí wọ́n sì fi bẹ́ẹ̀ ṣe kòńgẹ́ òfo. Àwa yè é. A ò fojú kan bàbá mi mọ́ títí di òní.

Láti ìgbà náà ni ìyá mi ti ṣe òfin kan. Lọ́jọ́ tí a kó wá sí Ungwan Romi, kí a tó gbé bẹ́ẹ̀dì wọlé pàápàá, ó fà mí lọ́wọ́ lọ sábẹ́ igi máńgòrò kan lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì. Ó ní, “Àníkẹ́, wo ibí dáadáa. Bí ohunkóhun bá ṣẹlẹ̀, má wá mi lọ sílé, má wá mi lọ síléèwé. Ibí ni kí o wá. Ẹni tó bá kọ́kọ́ dé á dúró de ẹnì kejì.” Ọ̀pọ̀ ìdílé ní Kàdúná ló ní irú ibi bẹ́ẹ̀, wọ́n sì ní báàgì kan tó máa ń wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn, tí sátífíkéètì, oògùn àti aṣọ ìpààrọ̀ wà nínú rẹ̀. Báàgì dúdú ni tiwa. Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, ìyá mi a máa ní kí n ka òfin náà fún òun bí ìgbà tí ọmọdé ń ka ẹsẹ Bíbélì lọ́jọ́ ìkórè. Àníkẹ́ yìí, oríkì mi ni. Òun nìkan ló ń fi pè mí láyé yìí, orúkọ iléèwé ni gbogbo àwọn yòókù ń pè.

Ó di ọjọ́ kan, bàbá Tàlátù lọ sìnkú ní abúlé wọn, ṣẹ́ẹ̀dì sì ṣófo láàárọ̀ ọjọ́ iṣẹ́. Inú wa dùn. A ti yá sípíkà ńláńlá nítorí eré kan tí a fẹ́ lọ ṣe, a sì fẹ́ mọ bí ohùn wa ṣe máa rí níta gbangba. Ooru mú, a ṣí ilẹ̀kùn gbayawu, a gbé sípíkà sójú òde. A ò sọ fún ẹnikẹ́ni ládùúgbò. Ta ló ń tọrọ àyè kó tó kọrin? Nígbà tó kan orin Gudu, Tàlátù ń lu ìlù ràtàtà bí ìbọn, mo di ojú mi, mo sì fi gbogbo agbára tí Ọlọ́run fún mi kígbe, “Gudu! Ku gudu!” Ẹ̀yin tí ẹ ń gbé ibòmíràn lè máa rò ó pé kí ló burú níbẹ̀. Ní Kàdúná, a kì í bi ẹni tó ń sá léèrè ohun tó ń lé e. Kí o tó bi í tán, ó ti fi ọ́ sílẹ̀. Ẹni tí ejò ti bù jẹ rí, bó bá rí ekòló, á sá. Ìyá tó ń din kósé, àkàrà àwọn Haúsá, létí ọ̀nà ló kọ́kọ́ gbéra, ó fi epo sílẹ̀ lórí iná. Àwọn oníkẹ̀kẹ́ yí orí padà, àwọn oníṣọ́ọ̀bù ti ilẹ̀kùn wọn gbàgà, àwọn ìyá ń pe ọmọ wọn lórúkọ kíkankíkan.

Ràbí ló kọ́kọ́ dáwọ́ dúró. Ó nàka síta. Kò sí ẹ̀dá kankan lójú títì àfi ewúrẹ́ kan tó ń jẹ kósé lórí tábìlì. Tàlátù na ọrùn wò, ó ní, “Abeg, wetin dey pursue dem?” Ràbí rọra dáhùn pé, “Mu ne.” Àwa ni. Èmi ńkọ́? Mo rẹ́rìn-ín títí mo fi jókòó sórí táyà. Mi ò ní í purọ́ fún yín, ó wú mi lórí. Olórin wo ló tíì la ẹnu rí tí gbogbo àdúgbò sì gbọ́ràn sí i lẹ́nu tó bẹ́ẹ̀?

Ṣé àgbà kì í sáré nínú ẹ̀gún lásán, bí kò bá lé ejò, ejò ń lé e. Àwọn ọmọ kékeré ni ìyá mi ń kọ́ ní iléèwé kan tí kò jìnnà sí ṣẹ́ẹ̀dì. Bó ṣe gbọ́ ariwo yẹn, kò pariwo sí wọn. Ó ní kí wọ́n tò, kí kálukú di aṣọ ẹni tó wà níwájú rẹ̀ mú, ó pọ̀n èyí tẹ́sẹ̀ ń dùn, ó sì gba ọ̀nà ẹ̀yìn kó gbogbo wọn lọ sínú ọgbà ṣọ́ọ̀ṣì. Ọmọ kan ṣoṣo kò ṣubú. Àmọ́ nígbà tí àṣírí tú pé orin ni, ojú ti gbogbo ẹni tó sá, wọ́n sì ń wá ẹni tí wọ́n máa gbé ẹ̀rín náà lé lórí. Ta ló tún kù? Tíṣà tó sá fún ẹnu ọmọ bíbí inú rẹ̀. Ẹní bímọ ọ̀ràn ní í pọ̀n ọ́n. Kí oòrùn ọjọ́ náà tó wọ̀, ó ti di Mama Gudu.

Mai unguwa, olórí àdúgbò wa, ránṣẹ́ pè wá, ó bá wa wí bó ṣe tọ́. A fi gbogbo ọ̀sán lọ bẹ àwọn ènìyàn láti ojúlé dé ojúlé. Nígbà tí mo délé, ìyá mi kò sí nílé, báàgì dúdú náà kò sí lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Ìrọ̀lẹ́ ló tó wọlé, eruku bo ẹsẹ̀ rẹ̀. Mo kúnlẹ̀ kí i, ó sì fi orúkọ iléèwé mi dá mi lóhùn, ó fọ ẹsẹ̀, ó gbé báàgì kọ́. Láti ọjọ́ náà, n kò gbọ́ Àníkẹ́ lẹ́nu rẹ̀ mọ́. Mo rò pé ìtìjú ni. Mo bá àwọn ọmọ tó ń pè é lórúkọ jà, mo yọ orin Gudu kúrò nínú orin wa, mo dọ̀bálẹ̀ bí ọkùnrin torí mo rò pé ìkúnlẹ̀ kò tó. Ó ní, “Mi ò bá ẹ jà.” Ẹ̀yin tí ìyá yín ti sọ bẹ́ẹ̀ fún rí, ẹ mọ̀ pé ìjà sàn jù ú lọ.

Ìgbà tí àgbàdo tuntun jáde ni ọ̀rọ̀ tó yé mi. Mo dúró lọ́dọ̀ Mama Danladi, ìyá tó ń sun iṣu àti àgbàdo lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì, òun ló sì ń fi Haúsá rò fún mi pé ìyá mi mà nígboyà o. Ó ní lọ́jọ́ ariwo wa, lẹ́yìn tí àwọn òbí ti mú ọmọ wọn lọ, ìyá mi sáré lọ sílé gbé báàgì, ó sì padà wá jókòó sábẹ́ igi máńgòrò. Ó ní òun sọ fún un pé, “Malama, ba komai, kò sí nǹkan. Àwọn olórin ni, ọmọ rẹ wà níbẹ̀, nǹkan kan ò ṣe é.” Ìyá mi ní òun ti gbọ́, ó ní, “Mo mọ̀ pé kò sí nǹkan. A jọ ní àdéhùn ni. Ó máa wá.” Ó jókòó síbẹ̀ títí Mama Danladi fi pa iná rẹ̀.

Àgbàdo ọwọ́ mi kò ṣeé jẹ mọ́. Kí ni mò ń fi orúkọ ẹ̀sín da ara mi láàmú sí? Obìnrin yìí ti dúró de ẹnì kan rí tí kò wá. Ó kọ́ mi ní ibi tí mo ní láti wá, ó kọ́ mi títí mo fi mọ̀ ọ́n lórí, mo sì lọ kọ orin nípa rẹ̀, mo ní kí gbogbo ayé sá, mi ò sọ ibi tí wọ́n máa sá sí. Ẹ yẹ orin náà wò láti òkè dé ilẹ̀ nígbà náà, kò sí máńgòrò kankan nínú rẹ̀. Mo sunkún lójú Mama Danladi, kò sì tì mí lójú.

Mo lọ sábẹ́ igi náà, mo jókòó, mo tẹ ìyá mi láago. Mo ní, “Màmá, mo wà lábẹ́ máńgòrò.” Ó pa fóònù. Èèrà ń gùn mí lẹ́sẹ̀, oòrùn ń kúrò lára igi, mo ní bó bá di ọ̀la, mi ò ní í dìde. Nígbà tó yá, mo rí i tó ń bọ̀ lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì, ó wọ bàtà kánfáàsì, báàgì dúdú náà wà ní èjìká rẹ̀. Ó jókòó tì mí, ó gbọn ewé kúrò lórí ìró rẹ̀.

Ó ní, “Àníkẹ́, o pẹ́.”

Mo ní, “Ẹ má bínú, mà. Mo ti dé.”

A ti ń kọ Gudu padà báyìí, ó sì le ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Kí a tó tan ẹ̀rọ, a ó ránṣẹ́ sí mai unguwa, sí iléèwé, sí mọ́ṣáláṣí, sí ṣọ́ọ̀ṣì, pé ariwo wa ni, kì í ṣe ìjà. Ìyá oníkósé pàápàá máa ń wá wò wá. Ìparí orin náà ti yí padà. Mo ń sọ fún wọn níbẹ̀ pé kí wọ́n sá wá sábẹ́ máńgòrò, gbogbo àwọn ọ̀dọ́ tó bá wà níbẹ̀ á sì bá mi gbè é. Ìyá mi wá sí ṣẹ́ẹ̀dì lẹ́ẹ̀kan. Ó jókòó sí ẹnu ọ̀nà, ó gbé báàgì lé itan, kò bọ́ bàtà. Nígbà tí mo kígbe gudu, kò mira. Ó ní ìlù Tàlátù ti pọ̀ jù, ṣùgbọ́n ohùn yẹn, òun mọ ibi tí mo ti mú un. Orúkọ tí àwọn ọmọ ń pè é ṣì wà lára rẹ̀, mi ò lè gbà á padà, ìrọ̀lẹ́ tó fi jókòó lóun nìkan náà ṣì wà lọ́rùn mi.

Nítorí náà, ẹ̀yin tí ẹ ní ibi ìpàdé pẹ̀lú ẹnikẹ́ni, ìyá ni o, ọkọ ni o, ọ̀rẹ́ ni o, ẹ gbọ́ tèmi. Lọ́jọ́ tí ariwo bá sọ, ẹ lọ síbẹ̀. Bí ẹ bá mọ̀ pé kò sí nǹkan, ẹ lọ. Bó jẹ́ ẹnu yín gan-an ni ariwo náà ti jáde, ẹ sáré lọ. Ẹnì kan ti jókòó síbẹ̀, ó ń sọ fún àwọn ènìyàn pé ẹ máa wá.