Írésà Tí Mo Fi Pa Bàálù Bàbá Rísì Rẹ́

Igi ọ̀mọ̀ kan wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì mi tí kò jẹ́ kí n gbádùn. Igi lásán ni o, kò gùn ju apá mi lọ, wọ́n sì ti fi rándà fá a títí tó fi ń dán. Àmọ́ gbogbo ìgbà tí mo bá bẹ̀rẹ̀ láti mú bàtà, tí ojú mi bá ṣe kòńgẹ́ rẹ̀, ńṣe ni àyà mi ń já bí ẹni tí wọ́n ká mọ́ ibi olè. Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ọ̀rọ̀ mi yìí, mi ò jí nǹkan ẹnikẹ́ni. Ohun tí mo ṣe burú ju olè lọ. Mo gba ojú lọ́wọ́ bàbá arúgbó kan, ojú tó ń ríran dáadáa, mo sì rò pé oore ni mò ń ṣe fún un.

Nígbà tí mo jáde ilé ẹ̀kọ́ girama, mo jókòó sílé, mò ń retí èsì ìdánwò. Màmá mi, tó ń ta ẹ̀gúsí, ní kí n gbé àpótí ìjókòó òun lọ fún Bàbá Rísì kó bá òun tún ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣe. Bàbá Rísì ni káfíńtà tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà lójú ọ̀nà Ìdèrè, ní Ìgbó-Ọrà níbí. Ojú máa ń tì mí púpọ̀. Bí ènìyàn méjì bá dúró síwájú ṣọ́ọ̀bù, mo lè kọjá lẹ́ẹ̀mẹta kí n tó lè wọlé. Lọ́jọ́ náà, bàbá nìkan ló wà níbẹ̀. Ó wọ awò ojú méjì, ọ̀kan lórí ìkejì, ó ń wo àwòrán bàálù ológun kan tó ti gbó, tó fi ọ̀rá wé. Mo dúró, èmi náà ń wò ó. Kò lé mi. Bí mo ṣe di ẹni tó ń lọ síbẹ̀ ní ojoojúmọ́ nìyẹn.

Nígbà èwe rẹ̀, ó ṣe káfíńtà lọ́dọ̀ àwọn ọmọ ogun òfurufú lókè Ọya. Ọ̀gá kan fún un ní àwòrán yẹn, bàálù tí àwọn òyìnbó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ṣe lọ́wọ́, ó ní kó gbẹ́ kékeré rẹ̀ tí òun máa gbé sórí tábìlì, torí wọ́n ń gbèrò àtirà á. Bàbá ò tíì gbẹ́ ìrù rẹ̀ tán tí ìròyìn fi dé pé àwọn tó ń ṣe é ti pa á tì, kò ní fò láéláé. Wọ́n ní kó fi igi náà ti ilẹ̀kùn kó má baà máa gbá. "Wọ́n fi bàálù mi ti ilẹ̀kùn!" Bó ṣe máa ń wí nìyẹn, á sì rẹ́rìn-ín títí tí omi á fi bọ́ lójú rẹ̀. Ṣùgbọ́n mo máa ń rí i pé ọwọ́ rẹ̀ kì í kúrò lára àwòrán náà.

Ohun tí a wá dáwọ́ lé ni láti gbẹ́ bàálù náà bí ì bá ṣe rí ká ní wọn ò pa á tì, ká ní a rà á, ká ní ó di tiwa. Ínǹṣì kan lára tiwa dúró fún ẹsẹ̀ bàtà mẹ́fà lára ti gidi. Orí páálí fífẹ̀ kan tó fi ìṣó kéékèèké kàn mọ́ tábìlì ló ń yà á sí. Kò gbà kí ayùn kan igi rárá. "Ọmọ Ẹlẹ́gùúsí," bó ṣe ń pè mí nìyẹn, "igi tá a bá ti gé, kò sẹ́ni tó lè bẹ̀ ẹ́ kó gùn sí i. Jẹ́ ká fi pẹ́ńsùlù ṣe é tán ná." Áà, àwọn ọ̀sán yẹn! Bí ọkọ̀ akẹ́rù tó kó ẹ̀gẹ́ bá kọjá, eruku pupa á bo páálí, bàbá á sì fi ìyẹ́ adìyẹ gbá a kúrò díẹ̀díẹ̀. Pẹ́ńsùlù tó ń kì bọ ẹ̀yìn etí ti fa ilà dúdú síbẹ̀ tí ọṣẹ kì í bó. Mùfú ọlọ́kadà á dúró, á ní, "Bàbá Rísì, ṣé bàálù yín á lè gbé wa dé ọjà Tápà?" Bàbá ò ní gbójú sókè. "Á gbé àwọn èèyàn. Ìwọ àti ọ̀kadà rẹ, ìrù la máa so yín mọ́." Ẹ̀rín á pa mí, èmi tí n kì í rẹ́rìn-ín níta.

Ibi tí mo ti ṣìṣe rèé. Àárọ̀ ni bàbá máa ń yà á, kí n tó dé. Lọ́jọ́ kan, mo rí i pé àwọn ẹsẹ̀ tí bàálù fi ń balẹ̀ ga ju ti inú àwòrán lọ, wọ́n rí gàgàrà bí ẹsẹ̀ lékèélékèé. Ihò tí ẹ́ńjìnnì fi ń mí, tó wà lábẹ́ ikùn nínú àwòrán, bàbá gbé e sókè sí ẹ̀yìn rẹ̀. Mo wo awò ojú méjì yẹn, mo ní ojú ti ń tan bàbá jẹ. Ṣé èmi ọmọ àná ni màá wá sọ fún àgbà pé ó ṣìṣe? Nígbà tó lọ kírun Àsárì ní mọ́ṣáláṣí, mo mú írésà, mo pa á rẹ́, mo tún un yà bí ti inú àwòrán.

Lọ́jọ́ kejì, ó tẹjú mọ́ páálí fún ìgbà pípẹ́. Ó bọ́ awò ojú, ó nù ún, ó tún ẹsẹ̀ bàálù náà yà sí gíga. Mo tún pa á rẹ́. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni mo ṣe bẹ́ẹ̀. Ní ẹ̀ẹ̀kẹrin, ó yíjú sí mi, ohùn rẹ̀ sì rọlẹ̀. "Ọmọ Ẹlẹ́gùúsí, ṣé ẹsẹ̀ yìí ò ga ju báyìí lọ lánàá?" Ojú tì mí. Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ náà ni mo ṣe bá a, Bàbá."

Irọ́ kan ṣoṣo yẹn! Bàbá ká ọwọ́ kúrò lórí tábìlì. Láti ọjọ́ náà, kò fa ilà kankan mọ́. Ó dá àpótí ìjókòó àwọn èèyàn padà láìtún un ṣe, ó ní ẹni tí ojú rẹ̀ ń purọ́ fún kò yẹ kó mú ayùn. Ó fi àwọn irinṣẹ́ rẹ̀ ta ọmọ àbúrò rẹ̀ lọ́rẹ. Rísì, ọmọ rẹ̀ obìnrin, wá mú un lọ sí ilé rẹ̀ ní Ẹ̀rúwà. Kó tó lọ, ó gbé igi ọ̀mọ̀ tí a fẹ́ gbẹ́ àti páálí náà lé mi lọ́wọ́. "Máa bá a lọ. Tìrẹ ṣì ń ríran."

Oṣù tó kọjá ni mo gbé gàrí lọ kí wọn. Kí bàbá tó mu omi, ó kọ́kọ́ ki ìka bọ inú ife láti mọ̀ bóyá omi wà níbẹ̀. Rísì sìn mí dé ìta. Ó ní, "Dókítà wo ojú wọn, ó ní awò kan ṣoṣo ti tó wọn. Wọn ò gbà. Wọ́n ní àwọn mọ ohun tí àwọn rí."

Nígbà tí mo délé, mo yí ẹ̀yìn páálí náà padà fún ìgbà àkọ́kọ́. Ọwọ́ bàbá ló kọ ọ́ síbẹ̀, gàdàgbà-gadagba: "Ká ní a rà á. Ilẹ̀ wa pupa, eruku rẹ̀ pọ̀. Kí ẹsẹ̀ rẹ̀ ga. Kó máa mí láti ẹ̀yìn, kó má baà gbé iyẹ̀pẹ̀ mì." Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Bàbá ò ṣìṣe rárá. Bàálù ti wa ló ń yà. Èmi ni mò ń dá a padà sí ti àwọn tó pa á tì.

Àwọn àgbà ní ẹni tó bá béèrè ọ̀nà kì í ṣìnà. Ká ní mo béèrè pé, "Bàbá, kí ló dé tí ẹsẹ̀ rẹ̀ fi ga?", inú rẹ̀ ì bá dùn láti dá mi lóhùn títí ilẹ̀ fi máa ṣú. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ ẹgbẹ́ mi, ẹ má fi ọ̀wọ̀ bojú bí ẹ̀rù bá ń bà yín. Ẹ béèrè.

Bí mo bá gbé páálí náà dojú kọ oòrùn, mo ṣì ń rí ojú ilà bàbá níbi tí pẹ́ńsùlù rẹ̀ ti tẹ páálí wọlé, gbogbo ẹ̀ẹ̀mẹrẹ̀ẹ̀rin, ojú kan náà, kò yẹ̀ ní bíńtín. Ọwọ́ ẹni tí ojú rẹ̀ ń tàn jẹ kọ́ nìyẹn. Lọ́jọ́ Jímọ̀, Mùfú á gbé mi lọ sí Ẹ̀rúwà. Màá mú páálí náà dání, àti írésà. Ẹ gbà mí nímọ̀ràn, ẹ̀yin àgbà: báwo ni ọmọ ṣe ń sọ irú ọ̀rọ̀ yìí? Ṣé kí n kọ́kọ́ dọ̀bálẹ̀ ni, àbí kí n kàn fa ìka bàbá lé ojú ilà náà, kó fi ọwọ́ ara rẹ̀ ka ohun tí mo ṣe?